Oyin Díẹ̀ Ní Ọ̀sán: Yíyan Ìpápánu Tí Ń Ṣe Ara Lóore

Ibi Kíkà: I Sámúẹ́lì 14:24-33
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Òwe 25:16

ÈTE Ẹ̀KỌ́

Nígbà tí a bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ lè:
1. sọ ìdí tí ebi fi máa ń pa ni láàrin oúnjẹ ọ̀sán àti oúnjẹ alẹ́;
2. dárúkọ ìpápánu márùn-ún tí ń ṣe ara lóore, tí a sì lè rí rà ní ọjà àdúgbò rẹ̀;
3. pinnu ohun kan ṣoṣo tí yóò yí padà nínú ilé rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin ará, láàrin aago mẹ́ta ọ̀sán sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ ní ilé gbogbo wa. Àwọn ọmọ á ti ilé ìwé dé, wọ́n á sọ báàgì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní tí yóò sì ti ẹnu wọn jáde ni pé, "Mọ́mì, ebi ń pa mí." Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ alẹ́ kò tí ì dé orí iná. Ìyá tí ó ti jókòó sí ìsọ̀ láti òwúrọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yán, á sì pe ọmọ tí ń kiri. Bàbá tí ó wà ní ọ́fíìsì tàbí ní ibùdókọ̀ á ra ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan àti búnsì méjì, á jẹ wọ́n ní ìdúró, á sì tún padà sí ẹnu iṣẹ́.

Ìpápánu ni a ń pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. A kì í kà á kún oúnjẹ rárá. A kì í gbàdúrà lé e lórí, a kì í ṣírò owó rẹ̀ mọ́ owó oúnjẹ, a kì í sì í rántí rẹ̀ nígbà tí dókítà bá bi wá léèrè ohun tí a ń jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ nídìí iyán àti àmàlà, tí ó sì gbàgbé pé ẹnu kan náà ni a fi ń jẹ èyí tí a rà lójú ọ̀nà.

Nínú ẹ̀kọ́ tòní, a óò wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì ní ọjọ́ kan tí ebi pa wọ́n títí di alẹ́. Lẹ́yìn náà ni a óò wá béèrè ohun tí ó yẹ kí a fi sí ẹnu wa, àti sí ẹnu àwọn ọmọ wa, ní wákàtí ọ̀sán.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

I. Ebi ọ̀sán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ (ẹsẹ 24-33)

Sọ́ọ̀lù ọba fi àwọn ènìyàn rẹ̀ bú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, títí òun yóò fi gbẹ̀san lára àwọn ọ̀tá òun. Ogun le ní ọjọ́ náà. Wọ́n dé inú igbó kan, oyin sì ń kán sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ìbúra náà kò sí ẹni tí ó dá a láṣà láti tọ́ ọ wò. Jónátánì ọmọ ọba kò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó na orí ọ̀pá tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó tì í bọ inú afárá oyin, ó sì fi kan ẹnu. Kíá ni ojú rẹ̀ dá. Nígbà tí wọ́n wá sọ ìbúra náà fún un, kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: ó ní bàbá òun ti kó ìyọnu bá ilẹ̀ náà, nítorí pé ká ní àwọn ènìyàn ti jẹ díẹ̀ ni, iṣẹ́ wọn ì bá dára ju èyí lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́. Àwọn tí kò jẹ nǹkan kan láti òwúrọ̀ kò lè dúró mọ́. Wọ́n sáré lu àgùntàn àti màlúù tí wọ́n kó bọ̀ láti ojú ogun, wọ́n pa wọ́n sórí ilẹ̀ lásán, wọ́n sì ń jẹ ẹran pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, èyí tí òfin kọ̀ fún wọn. Ebi ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ wọn. Àwọn bàbá wa náà mọ èyí, ni wọ́n fi sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí wa lónìí. Ọpọlọ ènìyàn kì í yé ṣiṣẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ó sì máa ń lò jù. Ẹni tí ó jẹun ní aago méjìlá, tí ó sì ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́rin, yóò rí i pé ara ń rọ òun, ojú ń ṣú, ìbínú sì súnmọ́ tòsí. Bí kò bá jẹ ohunkóhun títí di aago mẹ́jọ alẹ́, yóò bẹ́ mọ́ àmàlà ní alẹ́ bí ẹni tí ogun ń lé, yóò jẹ àjẹjù, yóò sì fi ikùn kíkún lọ sùn.

Ti àwọn ọmọdé tún yàtọ̀. Ikùn wọn kéré, bẹ́ẹ̀ ni ara wọn ń dàgbà. Wọn kò lè jẹ oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó gbé wọn di alẹ́. Nítorí náà, ọmọ tí ó ní ebi ń pa òun ní aago mẹ́rin kì í ṣe alájẹkì. Òótọ́ ni ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìpápánu jẹ́ dandan fún. Ẹni tí ó jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní aago mẹ́ta lè má nílò ju omi lọ kí alẹ́ tó lẹ́. Nígbà mìíràn òùngbẹ ni ó ń gbẹ ni, a ó sì rò pé ebi ni. Ẹ kọ́kọ́ mu omi, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ebi ni ní tòótọ́. Àwọn tí dókítà fún ní oògùn àtọ̀gbẹ ní tiwọn gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà náà nípa àkókò tí ó yẹ kí wọ́n máa jẹun, nítorí pé òmíràn nínú oògùn wọ̀nyí lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù bí ènìyàn bá fi ebi pa ara rẹ̀.

II. Orí ọ̀pá ni Jónátánì tì bọ oyin (Òwe 25:16)

Ìwé Òwe kò sọ pé oyin kò dára. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ẹni tí ó bá rí oyin, ìwọ̀n tí ó tó o ni kí ó jẹ, kí ó má baà jẹ ẹ́ yó kí ó sì bì í. Ẹ wo bí èyí ti bá ìtàn Jónátánì mu. Kò gbé igbá, kò sì gbé ìkòkò. Orí ọ̀pá ni ó fi kan oyin, ìyẹn sì tó láti mú ojú rẹ̀ dá.

Ní ayé àtijọ́, ohun dídùn kò pọ̀. Ẹni tí ó bá rí oyin, ó rí i ní ọjọ́ kan láàrin ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lónìí, ohun dídùn wà ní gbogbo ìsọ̀, ní gbogbo ibùdókọ̀ àti ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ papọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó ní ṣúgà tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 10 nínú mílílítà 100. Ìgò oníke kan tí ó gba mílílítà 500 yóò ní nǹkan bíi gíráàmù 50 nìyẹn. Bí a bá ka gíráàmù mẹ́rin sí ẹ̀kún ṣíbí tíì kan, ó ju ṣíbí méjìlá lọ. Ta ni nínú wa tí yóò bu ṣíbí ṣúgà méjìlá sínú ife tíì kan ṣoṣo, tí yóò sì gbé e fún ọmọ rẹ̀?

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà àti ọmọdé nímọ̀ràn lórí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, àti èyí tí ó wà nínú oyin àti omi èso. Wọ́n ní kí ó má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ara, àti pé bí a bá lè dín in kù sí ìdajì ìyẹn, yóò tún dára jù. Fún àgbàlagbà, ìdajì yìí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà. Ìgò kan ṣoṣo ti gba ìwọ̀n ọjọ́ méjì.

Ẹ jẹ́ kí a tún ka á síwájú. Ẹni tí ń mu ìgò kan lójúmọ́, ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, yóò mu ìgò 312 láàrin ọdún kan. Ṣúgà inú rẹ̀ ju kílò 15 lọ. Bí a bá rọ ọ́ sínú àpò kan, ọmọdé kò lè gbé e. Ìjọba Nàìjíríà náà fi ojú sí ọ̀ràn yìí: Òfin Ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ṣúgà sí.

Kí ni ṣúgà púpọ̀ ń ṣe? Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń gbé ẹnu wa máa ń jẹ ẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di omi kíkan tí ń jẹ eyín. Bí a bá ti ń fi ohun dídùn kan ẹnu léraléra tó ni eyín ṣe ń bàjẹ́ tó. Ara tí kò lò ó tán á sọ ọ́ di ọ̀rá. Bí ọ̀rá bá sì ti pọ̀ ní ara, pàápàá ní àyíká ikùn, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ni àwọn àgbà wí.

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Ọsàn náà kò ha dùn bí?" Ó dùn. Ṣùgbọ́n ọsàn kan tí ó tóbi níwọ̀n ní ṣúgà bíi gíráàmù 12. Kí ẹnì kan tó jẹ ṣúgà tí ó wà nínú ìgò kan, yóò ní láti jẹ ọsàn mẹ́rin tọkàntọkàn, bí ó bá sì jẹ mẹ́rin tán, yóò ti yó. A máa ń jẹ ọsàn lẹ́lẹ́, a máa ń fi eyín gé e, ó sì ń pẹ́ nínú ikùn. Ìgò ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó ń wọlé, kì í sì í yó ni.

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ ní àṣìgbọ́. Ìgò kan ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò pa ẹnikẹ́ni. Oyin dára. Àṣà ojoojúmọ́ ni a ń sọ̀rọ̀ bá.

III. Ohun rere tí ó wà nítòsí wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oúnjẹ tí ń ṣe ara lóore gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun òyìnbó tí ó wà nínú páálí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a fi ń kiri ní ojúlé wa.

(a) Ẹ̀pà. Bíi ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ẹ̀pà ni ó jẹ́ èròjà tí ń mú ara dàgbà. Ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 30, ní bíi gíráàmù méje rẹ̀, èyí tí ó ju ti ẹyin adìẹ kan lọ díẹ̀. Ẹ̀pà àti gúgúrú, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà àti bọ̀ọ̀lì: àwọn tí ó kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n òróró inú ẹ̀pà pọ̀, nítorí náà ẹ̀kúnwọ́ kan tó, kì í ṣe ìgò kan. Ẹ má sì ṣe fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ní ẹ̀pà odidi, nítorí ó lè há a ní ọ̀fun. Ẹ lọ̀ ọ́ fún un.

(b) Gààrì mímu. Gààrì ń lé ebi lọ kíákíá, ó sì ń tutù lọ́kàn nígbà ooru. Ṣùgbọ́n ohun tí ń fún ni lágbára nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ń mú ara dàgbà kò tó nǹkan. Ọmọ tí ó mu gààrì àti ṣúgà nìkan ti yó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò rí ohun tí yóò fi dàgbà. Ẹ fi ẹ̀pà sí i, tàbí ẹja, tàbí kí ẹ fi àkàrà tì í. Ẹ sì dín ṣúgà rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu yóò fi mọ́ ọn lára.

(d) Àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀wà ni wọ́n, ẹ̀wà sì ni ẹran tálákà. Mọ́ínmọ́ín dára ju àkàrà lọ fún ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ra fún òróró, nítorí omi gbígbóná ni a fi ń sè é. Bí ẹ bá ń ra àkàrà, ẹ wo òróró tí ó wà nínú agbada. Èyí tí ó ti dúdú, tí ó ti nípọn, tí ó sì ń rú èéfín kíkorò, a ti lò ó kọjá bí ó ti yẹ.

(e) Bọ̀ọ̀lì àti àgbàdo. Iná ni a fi ń sun wọ́n, kò sí òróró níbẹ̀. Àgbàdo tútù tí a sè tàbí tí a sun, tí a fi àgbọn jẹ, ti tó ìpápánu fún àgbàlagbà.

(ẹ) Èso. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, máńgòrò, gúrọ́fà, àgbálùmọ̀: àkókò olúkúlùkù ni ó máa ń pọ̀, tí owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Ẹ jẹ èyí tí àkókò rẹ̀ bá dé. Ìbẹ́pẹ àti máńgòrò pípọ́n ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú ń lò láti ríran. Ọsàn, ìbẹ́pẹ àti gúrọ́fà kún fún fítámì C. Fítámì C yìí máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀wà, tí a fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó jẹ mọ́ínmọ́ín, tí ó sì fi ọsàn kan lé e, ti ṣe ohun ọlọ́gbọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn láti jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí ó tó gíráàmù 400 ó kéré tán lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò sún mọ́ ọn. Wákàtí ọ̀sán ni ó rọrùn jù láti fi kún un.

(f) Awùsá, òfíò àti àgbọn. Wọ́n ń gba eyín, wọn kì í jẹ́ kí a kánjú, díẹ̀ wọn sì ń pẹ́ nínú ikùn.

Ní ti ṣin-ṣin, pọ́fpọ́f, búnsì, bisikíìtì àti súìtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ohun ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó bá dùn jù, tí òróró ń kán lára rẹ̀, tàbí tí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, kò yẹ kí ó di ti ojoojúmọ́. Gíráàmù iyọ̀ márùn-ún ni a ní kí àgbàlagbà má jẹ kọjá lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ẹ̀kún ṣíbí tíì kan nínú gbogbo oúnjẹ rẹ̀.

IV. Ohun rere nínú ọwọ́ mímọ́

Ìpápánu lè dára ní orúkọ kí ó sì di ewu nítorí ọ̀nà tí a gbà tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì pa ènìyàn. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tí ó ní àrùn náà ti bà jẹ́ ni ó ń gbé e kiri. Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Ní ti èso: ẹ ra á ní odidi, kí ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi mímọ́, kí ẹ sì gé e nílé. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a ti gé láti òwúrọ̀, tí eṣinṣin ti bà lé, kì í ṣe ẹ̀bùn fún ọmọ. Àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra nípa kábáídì tí àwọn kan fi ń mú èso pọ́n ní tipátipá, nítorí májèlé lè wà nínú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí inú rẹ̀ ṣì le, ẹ fura sí i.

Ní ti ẹ̀pà: èyí tí ó ti bu, tí ó ti súnkì, tí ó ti dúdú tàbí tí ó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù. Ní ọdún 1960, ó ju 100,000 tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà bíbu ṣe ni wọ́n jẹ. Ibẹ̀ ni a ti mọ májèlé tí a ń pè ní aflatoxin, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Yíyan ẹ̀pà lórí iná kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Nítorí náà kò yẹ kí a ṣa èyí tí ó bu sọ́tọ̀ kí a wá fi ṣe kúlíkúlí fún ẹlòmíràn.

Ní ti ìdì: ewé dára, ìwé ìròyìn kò dára. Tàdáwà kì í ṣe ohun jíjẹ, ara àkàrà gbígbóná sì ni ó máa ń lẹ̀ mọ́.

A mọ̀ pé àwọn arábìnrin wa tí ń ta nǹkan wọ̀nyí wà nínú kíláàsì yìí. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé a ń bá òwò yín jà. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni ó ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ bo igbá yín, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ má gba owó kí ẹ tún fi ọwọ́ kan náà mú àkàrà, kí ẹ sì da òróró tí ó ti gbó nù. Ẹ ó rí i pé oníbàárà yóò mọ̀ yín yàtọ̀.

V. Ìfẹ́, ìtìjú àti àlejò

Ibí yìí ni ọ̀ràn náà ti le jù. Púpọ̀ nínú wa mọ gbogbo ohun tí a ti sọ, ṣùgbọ́n ojú ń tì wá láti ṣe é.

Ẹ ro ti àgbàlagbà kan tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán. Kò tíì jókòó tán tí wọ́n fi gbé ìgò tútù kan síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì ti ṣí i. Bí ó bá kọ̀ ọ́, wọ́n lè ní ó gbéra ga, tàbí pé ó ń fura sí wọn. Bí ó bá mu ún, òun ni yóò jìyà rẹ̀. Ní ilé kejì, bákan náà. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, bákan náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìfẹ́ àwọn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Àlejò, ẹ lè dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ kú ìnáwó. Omi tútù ni yóò tẹ́ mi lọ́rùn." Bí wọ́n bá tún rọ̀ yín, ẹ sọ òótọ́: "Dókítà ti ní kí n jìnnà sí ṣúgà, ẹ bá mi fi pamọ́ fún àwọn ọmọ." Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sọ àìsàn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Onílé, ẹ béèrè kí ẹ tó ṣí ìgò: "Mà, kí ni kí n gbé wá? Omi wà, ọsàn wà." Àwo ọsàn bíbó àti ẹ̀pà kò rẹ ọlá onílé sílẹ̀.

Ẹ tún ro ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ di ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún lọ sí ilé ìwé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mú bisikíìtì aláràbarà wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tálákà ni wọ́n. Ó délé, ó ń sunkún. Ìyá náà, nítorí kí ojú má ti ọmọ rẹ̀, á wá owó tí kò ní láti fi ra ohun tí kò ṣe ọmọ lóore. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní owó, àpẹẹrẹ yín ni ó lè gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ olówó bá ń mú ẹ̀pà lọ sí ilé ìwé, ta ni yóò tún fi ọmọ tálákà ṣe yẹ̀yẹ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Súìtì ni a sábà máa ń fi san ẹ̀san fún ọmọ tí ó bá mọ àkọ́sórí rẹ̀. Ọmọ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dára, àti pé ohun dídùn ni èrè ohun rere. Pẹ́ńsù, ìwé kékeré tàbí ọsàn kan yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti yí gbogbo nǹkan padà ní ọjọ́ kan. Láti ọ̀la títí di Sátidé, ọjọ́ mẹ́fà péré, ẹ ṣe báyìí:
1. Nígbà tí ebi ọ̀sán bá dé, ẹ kọ́kọ́ mu omi.
2. Ẹ yan ohun kan tí ń mú ara dàgbà (ẹ̀pà, àkàrà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin), àti èso kan.
3. Ẹ jẹ ẹ́ ní ìjókòó, kí ẹ sì dúpẹ́ lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, nítorí oúnjẹ ni.
4. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ àti iye tí ẹ rà á sínú ìwé kékeré kan. Ẹ mú ìwé náà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Olùkọ́, kọ owó ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan sí ojú pátákó. Jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí owó náà lè rà ní ọjà yín lónìí nínú ẹ̀pà, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo. Kíláàsì fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn, nítorí ọjà kò dọ́gba.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìbúra Sọ́ọ̀lù sún àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe nígbà tí alẹ́ lẹ́? Ọ̀nà wo ni irú rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa?
2. Kí ni a rí kọ́ nínú pé orí ọ̀pá ni Jónátánì tì bọ inú oyin?
3. Kí ni ó kù díẹ̀ káàtó nínú gààrì àti ṣúgà nìkan? Kí ni a lè fi kún un?
4. Báwo ni ẹ ṣe lè gba àlejò tí ó ní àtọ̀gbẹ ní ilé yín láìmú ojú tì í?
5. Irú oúnjẹ wo ni a ń gbé kalẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa? Ǹjẹ́ ó yẹ kí a yí i padà?

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan ni a ti ń wá a. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọ yín bá sọ báàgì sílẹ̀ tí ó ní ebi ń pa òun, ọwọ́ yín ni díẹ̀ nínú rẹ̀ wà. Ẹ fún un ní ohun tí yóò mú ojú rẹ̀ dá, kí ẹ sì fún un ní ìwọ̀n tí ó tó o.